Ilé Ni Wọ́n Wá Rà

Ní ìlú Tainan, bí èèyàn bá rí ọ tí ò ń fẹsẹ̀ rìn, yóò bi ọ́ pé ta ló jí alùpùpù rẹ. Kì í ṣe pé ibi gbogbo jìn síra wọn. Nínú àwọn òpópó tóóró tó yí tẹ́ḿpìlì àtijọ́ ká, èèyàn lè mu ọbẹ̀ ẹran màlúù láàárọ̀, kí ó tún bàtà ṣe, kí ó fi tùràrí bẹ òrìṣà, kí ó sì padà sílé kí oòrùn tó mú. Síbẹ̀, ará Tainan á gun alùpùpù lọ sí ilé tó kọjú sí tirẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ ni Chuang Miao-ju, tó ń ta awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà.

Miao-ju ti gbìyànjú rí o. Ó lọ ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ, ó gbéra dáadáa, ó sì lọ dúró sínú ìkòkò òdòdó ọ̀gá tó ń dán an wò. Ọ̀gá náà kò bínú. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì dára púpọ̀. Máa lò wọ́n."

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni, kò tíì lọ́kọ. Àmá, ìyá bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà látìgbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀ tí kálukú sì ti lọ bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé ilé kan-ọ̀run tóóró kan nínú òpópó tí mọ́tò kò lè wọ̀. Kan-ọ̀run ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tìrẹ ni, òfuurufú orí rẹ̀ náà tìrẹ ni. Kò sí ẹni tí yóò máa wọ́ àga lókè orí rẹ bíi ti fúláàtì. Àjà mẹ́rin ló ní. Àjà tó ga jù ni pẹpẹ àwọn baba ńlá wà, níbi tí fọ́tò ọkọ Àmá tó ti kú wà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni Àmá ń gun àtẹ̀gùn lọ tan tùràrí fún un, orúnkún rẹ̀ sì ti ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

"Ẹ jẹ́ ká gbé pẹpẹ náà wá sísàlẹ̀," ni Miao-ju máa ń wí.

"Kí o wá máa rìn lórí orí bàbá àgbà rẹ? O ò nítìjú!"

Nígbà tí ìrora náà pọ̀, Àmá ránṣẹ́ pe Àǹtí Kui-hua. Alárenà ni Kui-hua fún ọgbọ̀n ọdún. Ìdajì àwọn tọkọtaya àdúgbò náà, òun ló so wọ́n pọ̀, ìdajì nínú ìdajì náà kò sì tíì dárí jì í. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù wá ara wọn, ó bọ́ sídìí títa ilé. Iṣẹ́ ló yí padà, ẹnu kò yí padà. Bó ṣe ń polówó ọkọ náà ló ṣe ń polówó ilé.

Iṣẹ́ méjì ni Àmá rán obìnrin yìí. Èkíní ti pẹ́ nílẹ̀: kí ó wá ọkọ fún Miao-ju. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: kí ó ta ilé, kí àwọn lè ra fúláàtì tó ní ẹ̀rọ agbéniròkè nítòsí. Ẹni tí a bá rán níṣẹ́ méjì, ó yẹ kí a máa bi í èwo ló wá jẹ́. Àmá kò béèrè. Kui-hua pè é lórí fóònù, ó ní, "Àmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti rí ẹni tó máa mú un lọ́wọ́ yín. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó." Àmá gbé fóònù sílẹ̀, ó sì lọ ṣe irun rẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, ọmọ náà, Lai Kai-lin, gba orí àtẹ̀gùn lọ láti yẹ páìpù omi wò. Ìyá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú Àmá àti Kui-hua. Miao-ju wà ní ilé ìdáná, ó ń da tíì dídùn sínú ife, ó sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Òun ní tirẹ̀ mọ̀ pé ilé ni wọ́n wá wò.

"Ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́?" Ìyá Kai-lin béèrè. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni pé olè wà nínú yàrá.

"Ó ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún," Kui-hua ní. "Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ṣé ó jọ bẹ́ẹ̀?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n," ni Àmá wí. "Ó pé e lóṣù tó kọjá."

"Ṣé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn rí?"

Àmá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ mi nìkan ló wà látọjọ́ tó ti dáyé!"

"Ìyẹn dára. Iwájú rẹ̀ ló kàn ṣe tóóró díẹ̀ lójú mi."

"Bàbá rẹ̀ ló fi jọ," Àmá dáhùn.

Kui-hua sáré bọ́ sí i. "Ẹ má wo iwájú! Inú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Inú rẹ̀ jìn gan-an."

"Òótọ́ ni," Àmá mi orí. "Inú rẹ̀ jìn. Kì í sọ tinú rẹ̀ fún èmi gan-an."

"A ò sì fẹ́ ariwo o," ni Ìyá Kai-lin wí.

"Ó dákẹ́. Àfi tí ebi bá ń pa á."

Ìyá Kai-lin wo Kui-hua. Kui-hua gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Tó bá di tiwa, a máa tún iwájú rẹ̀ kùn."

"Nígbà yẹn ẹ̀yin lẹ ni ín," Àmá ní. "Ẹ ṣáà tọ́jú rẹ̀ fún mi."

Nínú ilé ìdáná, Miao-ju ń bẹ̀rù pé ogbó ti ń da Àmá láàmú. Ó gbé àwo tíì jáde. Bẹ́ẹ̀ ni Kai-lin ń sọ̀ kalẹ̀ látòkè, okùn aláǹtakùn bo orí rẹ̀ bí ìborùn ìyàwó, kò sì mọ̀. Ó ń sọ fún wọn tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀ pé páìpù dára. Ẹ̀rín gbọn Miao-ju débi pé ife ń lu ara wọn lórí àwo, Kai-lin sì dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò ó, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ páìpù.

Ìyá Kai-lin mu tíì rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà, torí oòrùn mú. Ó sì ń bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má gba ilé náà mọ́ òun lọ́wọ́. Ó yọ owó àsansílẹ̀ ilé nínú báàgì. A kì í fún àgbàlagbà ní owó ní ìhòòhò, nítorí náà inú àpòòwé pupa ló fi sí. Ó fi àpòòwé náà sórí àwo, ó sì gbé ife òfìfo lé e.

Ojú Àmá kún fún omijé. Nígbà èwe rẹ̀, bí ọmọbìnrin bá gbé tíì fún ìyá ọkùnrin tó wá wò ó, tí ìyá náà sì mu ún tán, tó fi àpòòwé pupa sábẹ́ ife, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Wọ́n ti gba ọmọ náà níyàwó.

"Ó ti parí," Àmá wí, ó sì di ọwọ́ Ìyá Kai-lin mú.

"Ó ti parí," Ìyá Kai-lin dáhùn, inú rẹ̀ dùn pé onílé kò tilẹ̀ yọwó.

Miao-ju padà sẹ́nu iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀. Bàbá Onínúdù tó ń ta oúnjẹ ní igun òpópó kí i pé ó kú oríire. Obìnrin tó ń ta èso kí i pé ó kú oríire. Ó rò pé ilé tí wọ́n tà ni wọ́n ń sọ, ó ń dúpẹ́, títí ó fi rí i pé kéèkì pupa ńlá wà lọ́wọ́ kálukú, irú èyí tí wọ́n ń pín níbi ìdána nìkan. Ó sáré wọlé. Àmá jókòó sáàárín àwọn páálí kéèkì, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé òun ni ìyàwó.

"Àmá! Ilé ni wọ́n wá rà!"

Àmá gbé kéèkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ilé?" ó ní. "Háà. Èmi náà sì ń rò ó, pé kí ló fẹ́ kùn níwájú rẹ."

Ní ọjọ́ kejì, Kai-lin wọ ṣọ́ọ̀bù awò ojú. Ó bọ́ àṣíborí rẹ̀, ó tún dé e, ó tún bọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo wá torí pé mo fẹ́ yín." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Rárá! Mo fẹ́ rí yín. Nípa ilé."

Ọ̀gá Miao-ju ń wò wọ́n látẹ̀yìn káńtà, Miao-ju sì mú un jókòó bí oníbàárà tó wá dán ojú wò. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí àmì tó wà lára ògiri. "Síbo ni ẹnu àmì yìí kọjú sí?"

"Ọ̀tún. Màmá mi ní—"

"Òsì ni."

"Ẹ má bínú. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí." Ó fi àṣíborí rẹ̀ lé orúnkún. "Màmá mi ní kò sí ẹni tó lè fi ilé ṣe ìyàwó. Wọ́n ní kí n wá bá yín lọ sọ fún àwọn ará àdúgbò pé àṣìṣe ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe jọ lọ láti ojúlé dé ojúlé. Miao-ju kò lè jókòó sẹ́yìn alùpùpù ọkùnrin tí òun ń wá sọ pé kì í ṣe ọkọ òun, Kai-lin sì ń ti alùpùpù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà wọ́n gbọ́. Obìnrin eléso ní, "Ẹ ti jà? Ẹ ò tíì ṣègbéyàwó! Ẹ jẹ gúáfà." Arúgbó tó ń tún bàtà ṣe ní, "Gbogbo tọkọtaya ló máa ń sọ pé àṣìṣe ni. Èmi ń sọ ọ́ látogójì ọdún." Bàbá Onínúdù fi núdù sí abọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú igi ìjẹun èèyàn méjì. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọn kò tíì rí ilé kan tó gba ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n sì ti yó bámúbámú.

"Ọdún márùn-ún ni mo ti ń gun alùpùpù gba ibí," Kai-lin ní. "Mi ò mọ̀ pé èèyàn ń gbé inú rẹ̀."

Miao-ju rẹ́rìn-ín. Ó gbóòórùn òógùn àti gúáfà lára ọkùnrin náà, ó sì rí i pé òun kò fẹ́ kí òpópó náà tán.

Kui-hua bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ owó àti ti kéèkì, ọ̀rọ̀ ilé sì dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n Kai-lin kò dúró sójú kan. Ó máa ń fi alùpùpù sílẹ̀ lẹ́nu òpópó, á sì fẹsẹ̀ wọlé. Ó wá láti dá abọ́ padà. Ó wá láti wá ìbọ̀wọ́ tí kò gbàgbé síbẹ̀. Ó sọnù lẹ́ẹ̀mejì nínú òpópó mẹ́ta, olùkọ́ jọ́gíráfì. Nígbà tí òjò ńlá ọdún náà dé, ó bá Miao-ju lábẹ́ ìborí ṣọ́ọ̀bù kan, ó ní, "O ti tutù jù, gba ẹ̀wù mi."

"Ta lò ń pè ní 'o'?" Miao-ju béèrè.

"Ẹ má bínú, ẹ—"

"Èmi náà ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀, o ò gbọ́?"

Wọ́n dúró síbẹ̀ títí òjò fi dá, wọ́n sì tún dúró díẹ̀ lẹ́yìn tó dá. Ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá Kai-lin ni kò fara mọ́ ọn. "Ilé ni mo ní kó o lọ wò, ọmọ onílé lo lọ ń wò!" ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ọmọ tí kò lè gun alùpùpù! Báwo ni yóò ṣe dé ọjà? Báwo ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ mi?" Nígbà tí Kai-lin kò gbà, ó wá ilé tuntun fún wọn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìlú, lẹ́bàá oko ìrèké: àwọn ilé kan-ọ̀run alájà mẹ́ta, gbogbo wọn jọra bí eyín, tí ibi ìgbé-mọ́tò-sí wà nísàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kui-hua kó gbogbo wọn lọ wò ó.

"Ẹ wo àyà rẹ̀!" Kui-hua ń pariwo. "Ọ̀dọ́ ni, ó lágbára, kò ní ìtàn kankan lẹ́yìn!"

Miao-ju jáde síta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀nà tó tọ́ ni, ọkọ̀ ẹrù ń sáré lórí rẹ̀, ajá kan jókòó, ó ń wò ó pẹ̀lú ìyọ́nú.

"Àǹtí, níbo ni wọ́n ti ń ra ewébẹ̀?"

"Kò jìn! Ogún ìṣẹ́jú péré ni lórí alùpùpù."

"Tèèyàn bá fẹsẹ̀ rìn ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó tíì béèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ Kui-hua rí. Ó rò ó. "Ẹ máa gbé oúnjẹ dání," ó ní.

"Ta ló ń rìn láyé ìsinsìnyí?" Ìyá Kai-lin dá sí i.

"Èmi ni, mà. Àmá náà sì ń rìn lọ sí tẹ́ḿpìlì lójoojúmọ́. Tí a bá gbé e wá síbí, kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀."

"Tí ẹ bá gbé ta ni wá?" Ìyá Kai-lin yíjú sí i. "Láti ìgbà wo ni ìyàwó ti ń gbé ìyá àgbà rẹ̀ lé ẹrù wá sílé ọkọ?"

"Ó tọ́ mi láti kékeré, mà. Ibi tí kò bá lè gbé, èmi náà ò lè gbé ibẹ̀."

"Ó dáa. Má gbé ibẹ̀ nígbà náà."

Kai-lin dúró sáàárín wọn, ó la ẹnu, ó pa á dé. Inú bí Miao-ju sí i ju bó ṣe bí i sí ìyá rẹ̀ lọ.

Ohun tó wá bà á nínú jẹ́ pátápátá ni Bàbá Onínúdù sọ, àwàdà ni bàbá náà sì pè é. Ó ń se núdù, ó ní, "Ọmọkùnrin rẹ yẹn gbọ́n o. Ó wá ra ilé, wọ́n fi ọmọ ṣe èènì fún un."

Èènì. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Miao-ju sùn. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ilé ló mú ọkùnrin náà wá. Bí ilé kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ṣé yóò tún wá? Ó fẹ́ràn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà á. Nígbà tí Kai-lin tún dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kó wọlé.

"Àmá kò ta ilé mọ́," ó purọ́. "Kò ní tà á fún ẹnikẹ́ni láé."

Kai-lin wo ilẹ̀. "Àmá kò tà á mọ́," ó tún un sọ, bí ẹni ń há ìwé sórí. Ó ní ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Kò wá ní ọjọ́ kejì. Kò wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Miao-ju ń fi awò tí kò tọ́ fún àwọn oníbàárà. Obìnrin kan padà wá láti sọ pé ọkọ òun ti di méjì lójú òun. Àmá ń bu oúnjẹ sí abọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà á kó ọ̀kan kúrò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà ni Kai-lin yọ lẹ́nu òpópó, ó ń tiro, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Mo rìn," ó dáhùn. "Lẹ́yìn iṣẹ́ lójoojúmọ́, mo ń wo gbogbo fúláàtì tó wà láàárín ibí àti tẹ́ḿpìlì. Mo ń rin ìrìn Àmá láti ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n mọ̀ bóyá ó lè dé ibẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà. Yàrá wà fún Àmá." Ó mí sínú. "Ilé yín yìí, kí Àmá mú un dání, mi ò fẹ́ ẹ. Yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa. Ta ló kù?"

"Ó ku èmi," ni Miao-ju wí.

"Ìwọ náà ni mo ń wá. Ṣé mo lè jókòó? Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ó jókòó. Miao-ju fọ ẹsẹ̀ náà fún un, ó sì sunkún díẹ̀ sínú omi náà.

Báyìí ni gbogbo wọn ṣe tún pàdé nínú fúláàtì, Ìyá Kai-lin pẹ̀lú, nítorí Kui-hua parọ́ fún un pé ilé mìíràn lẹ́bàá oko ìrèké ni àwọn ń lọ wò. Àmá gun ẹ̀rọ agbéniròkè lọ sókè, ó bá a sọ̀ kalẹ̀, ó tún ní kí wọ́n gbé òun lọ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo ibi tí wọn yóò gbé pẹpẹ sí. Ó gbójú sókè.

"Kí ló wà lókè àjà yìí?"

"Ìdílé mìíràn ni, Àmá," Kui-hua ní. "Èèyàn dáadáa ni wọ́n."

"Kí ni wọ́n ń ṣe ní ibi yìí gan-an, lókè orí pẹpẹ?"

Kui-hua wo ìwé àwòrán ilé náà, ó sì yára ká a. Kò yára tó.

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀!" Àmá ké. "Kí àjèjì máa jókòó sórí ọkọ mi ní àràárọ̀!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Kai-lin, ṣùgbọ́n ojú Miao-ju wà lára Ìyá Kai-lin. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá wọn jà. Ó ṣí yàrá kìíní, ó wò ó. Ó ṣí èkejì. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn kẹta. Kọ́bọ́ọ̀dù ìgbálẹ̀ ni. Ó dúró wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì rọra pa á dé.

"Ilé náà dára," ó wí, ó gbé báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Mà, kí lẹ ń wá?" Miao-ju béèrè.

"Kò sí." Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ilé kan-ọ̀run ní àjà púpọ̀. Mo máa ń kà wọ́n. Ọ̀kan fún ọkọ àti ìyàwó, ọ̀kan fún ọmọ. Mo ní bóyá ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Látìgbà tí bàbá Kai-lin ti kú, èmi àti tẹlifíṣọ̀n la jọ ń jẹun. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, kò sì sí ẹni tó bi mí níbi tí èmi náà fẹ́ gbé."

Àánú ṣe Miao-ju, ìtìjú sì mú un. Láti ọjọ́ oko ìrèké, òun náà kò rí ju ìyá àgbà tirẹ̀ lọ. Ó lọ di apá obìnrin náà mú.

"Mà, ẹ jẹ́ ká fi àwọn ilé yìí sílẹ̀. Ilé kan wà tí àjà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Kí Àmá sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀. Kí ẹ̀yin mú àjà kejì. Kí èmi àti Kai-lin mú ẹ̀kẹta."

"Iwájú rẹ̀ tóóró," ni Ìyá Kai-lin wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ lè kùn ún."

"Tùràrí ńkọ́?" Àmá béèrè. "Bí mo bá wà nísàlẹ̀, ta ni yóò máa gòkè lọ bá ọkọ mi? Ẹ̀yin méjèèjì ò lè jí."

Ìyá Kai-lin tún ìdúró rẹ̀ ṣe. "Orúnkún tèmi ṣì le," ó ní. "Mo máa ń jí ní kùtùkùtù. Mo lè máa lọ."

Àmá wo opó náà láti òkè dé ilẹ̀. Opó náà kò tíì pé ọgọ́ta ọdún.

"A ó bi í," ni Àmá wí.

Nígbà tí wọ́n padà délé Àmá, Kai-lin ló gbé e pọ̀n gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síwájú pẹpẹ. Àmá mú igi pupa méjì tí wọ́n gbẹ́ bí ìlàjì òṣùpá, èyí tí wọ́n fi ń bi àwọn òkú ní ọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá dojú dé tí èkejì sì ṣíjú, ó ti gbà. Bí méjèèjì bá ṣíjú, ẹ̀rín ló ń fi ọ̀rọ̀ rẹ rín. Ọ̀rọ̀ tó bá tóbi, ó gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léra.

"Baba," Àmá ní, "opó kan wà níbí, Lai ni wọ́n ń jẹ́. Ó fẹ́ máa wá tan tùràrí fún ọ. Ronú dáadáa o. Má kánjú."

Ó ju igi náà. Ó gbà. Ó tún un jù. Ó gbà. Nígbà kẹta, ó mi igi náà nínú ọwọ́ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń fún un láyè láti yí ọkàn padà, ó sì jù ú. Ó gbà.

Kui-hua pàtẹ́wọ́. Kai-lin di ọwọ́ Miao-ju mú níwájú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì kíyè sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín sí fọ́tò náà, ó ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Àmá nìkan ni ojú rẹ̀ le.

"Ogún ọdún ni mo ti ń bi ọkùnrin yìí ní ọ̀rọ̀," ó ní. "Bí mo bá bèèrè, á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá tún un bèèrè, á tún rẹ́rìn-ín. Ó dé orí opó, ó ń sáré gbà!"

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà kí ọdún tó parí. Ìyá Kai-lin kó dé àjà kejì pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó kun iwájú ilé ní àwọ̀ ewé, kò sì pẹ́ tí òun náà fi ń fẹsẹ̀ lọ ra ewébẹ̀, ó ń bá obìnrin eléso jiyàn dé ọ̀sán. Àmá sọ fún gbogbo àdúgbò pé inú òun dùn láti ní ẹni tí yóò máa bá òun gòkè lọ kí baba. Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú.

Ní òwúrọ̀ kan, Miao-ju jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn níta yàrá wọn. Ẹsẹ̀ Ìyá Kai-lin ni, ó yá, ó fúyẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ mìíràn ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ dúró dè mí!" ohùn Àmá ń bọ̀ látìsàlẹ̀. "Ẹ má tíì tan nǹkan kan! Kí lẹ wọ ẹ̀wù òdòdó sí láàárọ̀ yìí?"

Kai-lin la ojú kan. "Àmá nìyẹn? Ṣé orúnkún wọn kò dùn wọ́n mọ́ ni?"

Miao-ju fa aṣọ ìbora bo àwọn méjèèjì lórí.

"Ó ń dùn wọ́n," ó ní. "Orogún ló ń dùn wọ́n jù."